Símẹ́ńtì Tí Mo Fi Áńbúláǹsì Ìlú Kó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìparí àwọn ọdún 1980. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìlú Mòwé fẹ́ ra áńbúláǹsì tuntun, èmi ni wọ́n sì ní kó jẹ alága àwọn tí yóò máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èmi ni mo wa ti àkọ́kọ́. Ọmọ Ìkìrun ni mí, yàrá kan ni mo háyà ní Mòwé nígbà náà. Gbogbo ìlú ló dáwó ra ọkọ̀ yẹn, títí kan àwọn opó. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: aláìsàn nìkan ni kí n máa fi gbé.

Mo ra ilẹ̀ kékeré kan sí Ìbàfò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò rówó ọkọ̀ akẹ́rù, ni mo bá kó àpò símẹ́ńtì mẹ́jọ sínú áńbúláǹsì, mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní pa irọ́. Olè ni.

Lójú títì márosẹ̀, mo rí obìnrin kan tó ń rọbí nínú koríko. Ọkọ rẹ̀ ń ju ọwọ́ sí gbogbo mọ́tò. Orí símẹ́ńtì yẹn la tẹ́ ẹ sí. A ò tí ì dé ilé ìgbẹ̀bí tí Táíwò fi ké. Ẹnu géètì ni Kẹ́hìndé dé.

"Dẹ́rẹ́bà, kí ló kun àwọn ọmọ yìí lára báyìí?" ni nọ́ọ̀sì bi mí.

"Eruku ọ̀nà ni, mà."

Ọkọ obìnrin náà gbé mi sókè, bàtà mi bọ́, a ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Nígbà tí ìlú pèpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Ẹ ò rí i pé owó wa ò ṣòfò!" ni alága ìpàdé ń pariwo.

Wọ́n rò pé wọ́n ránṣẹ́ pè mí síbẹ̀ ni. Wọn ò mọ̀ pé símẹ́ńtì ló gbé mi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, Bàbá Sàlámì, bíríkìlà àdúgbò wa, já bọ́ láti orí àkàsọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n wá mi títí. Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e lọ. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó ń tiro dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá, mo jẹ́wọ́. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Orí símẹ́ńtì lẹ ti gbẹ̀bí ìbejì?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti dárí ẹsẹ̀ tèmi jì ẹ́, Ọlọ́hun gbọ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀ yẹn. Lọ sọ fún àwọn tó ni ín."

Mo ń fò bí ọmọdé délé. Ìyàwó mi rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dáwó náà, àti ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ Sátidé, màá dìde níwájú ìpàdé, màá sọ ọ́ tán. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé, bí wọ́n bá ṣì ní kí n jẹ alága, ṣé kí n gbà? Ta ló yẹ kó ṣọ́ ọkọ̀ ìlú: ẹni tí kò ṣì í lò rí, àbí èmi tí mo mọ gbogbo ibi tí dẹ́rẹ́bà lè fi ẹrù pa mọ́ sí?