Wáyà Tí Mo Gé Lára Ẹ́ńjìnnì Láwàlì

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ má tíì ṣàdúà fún mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo bá gbé e kú lórí ibùsùn àìsàn yìí, ó lè pa Bàrákàt ọmọ ọ̀rẹ́ mi.

Èmi Nùrẹ́nì, tí gbogbo ìlú Sàngó mọ̀ sí ọ̀gá mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, mo ṣe Láwàlì ọ̀rẹ́ mi, awakọ̀ ojú omi, ní ibi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lésìí, ó pè mí sétí odò lẹ́bàá Àgbárá: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dáhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti kún inú ọkọ̀. Mo yẹ epo wò, mo nu púlọ́ọ̀gì, mo yẹ bátìrì wò, pàbó. Ni wọ́n bá ń pariwo nínú ọkọ̀: "Ọ̀gá, shift aago mẹ́fà la fẹ́ bá o! Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Ojú tì mí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé suwíìṣì okùn pupa ló bàjẹ́, okùn tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, tó jẹ́ pé bó bá já bọ́ sómi, ẹ́ńjìnnì á kú. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gé wáyà suwíìṣì náà, kò sì lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́, n kò sì sọ fún Láwàlì.

Bó ṣe ń padà bọ̀ lófìfo, lójú mi létí odò, ọkọ̀ kọlu kùkùté inú omi, Láwàlì já bọ́ sómi. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ọkọ̀ yí po, ó padà wá fi abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ya ẹsẹ̀ Láwàlì. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ́ sómi. Okùn pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú u, mo tì í bọ àpò mi. Àní mo tú u kí n tó di ojú ọgbẹ́! Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín ni mo sá fún, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ló bá a lọ.

Nígbà tó lajú lọ́sibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Ó bi mí: "Nùrẹ́nì, ṣé mi ò so okùn ni?"

Mo ní, "O ò so ó."

Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún: "Bàbá Bàrákàt, ẹ ò rí ayé yín!" Láwàlì tẹríba.

Láti ìgbà náà lọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀. Ọ̀la ni Bàrákàt ọmọ wọn fẹ́ gbé e sómi. Ó wá kí mi lánàá, ó fi okùn tuntun hàn mí: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ò ní gbàgbé so tèmi." Wáyà ṣì wà ní gígé! Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ bá mi pe Láwàlì lórí fóònù, ẹ pè é nísinsìnyí. Ṣé ó ti gbé e? Ẹ gbé e sí mi létí. Láwàlì, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, èmi ni: o so okùn, èmi ni mo gé wáyà rẹ̀. Foríjì mí bí o bá lè. Bí o ò bá lè, ṣáà di ọmọ rẹ mú, kó má gbé ọkọ̀ sómi lọ́la.