Lẹ́tà Tí Mo Kọ Lórúkọ Òkú

Dókítà tó ń tọ́jú mi ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní gbé mi dé ìparí ọdún yìí. Kò fi bò rárá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ òtítọ́ pọ́nbélé. Èmi náà kò fẹ́ fi bò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tò sórí ìlà láti ọjọ́ pípẹ́ wá kí n lè fọwọ́ sí ìwé yín, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ọ̀gá nínú ìtàn ọ̀daràn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìwé tí ẹ fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo kọ, mi ò ronú rẹ̀ láti inú orí mi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi ni láti máa ka ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ, kí n sì máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wa mọ́tò fún ilé iṣẹ́ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ láìgbàṣẹ, ká lè jọ lọ wo yàrá kan tí mo fẹ́ gbà lẹ́yìn ìlú. Òjò ń rọ̀. Èmi ni mò ń ṣàwàdà, èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín tó fi yíjú sí mi. Ohun tí a gbọ́ kò ju ìró àpò sìmẹ́ǹtì tó já bọ́ sílẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan ni a gbá. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó di ṣòkòtò tuntun kan tó wà nínú ọ̀rá mọ́ àyà. Ó fi téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wé ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi pínnì há a. Nínú ìwé mi, lójú ẹsẹ̀ ló kú. Irọ́ ni. Kò tíì kú. Ó wò mí, ó ní kí n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí òjò pa ṣòkòtò yẹn, pé ẹni tó ni ín fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ wá iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí a bá débẹ̀, wọ́n á béèrè ẹni tó ni mọ́tò, pé ìyàwó òun bímọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé ẹ̀wọ̀n tààrà ni. A dúró sínú òjò, à ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí a máa fi bojú wẹ̀yìn, ọmọ ọlọ́mọ ti lọ. A gbé e lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì nígbà kan, tí wọ́n ti pa tì, a sin ín sẹ́yìn ààrò tó ti wó. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, a ò rí nǹkan kan.” Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni mo kọ ìwé náà. Mo tan ara mi jẹ pé bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, á fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo yí ìlú padà, mo yí mọ́tò padà, mo sọ apànìyàn di ọlọ́rọ̀ kan tó ń jowú. Ṣùgbọ́n mi ò lè yọ téèpù ọwọ́ yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dára jù lójú ewé, ojúkòkòrò òǹkọ̀wé ni. Ìwé náà tà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lérò lọ. Obìnrin tó ń tẹ ìwé mi jáde kì í fiṣẹ́ ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi láti ìlú dé ìlú, sí ilé ìtàwé, sí ilé ìkàwé, sí rédíò. Gbogbo ibẹ̀ jọra wọn lójú mi: tábìlì kan, aṣọ tábìlì, omi inú ike, bíírò méjì, àti àwọn èèyàn tí wọ́n di ìwé mọ́ra. Ojú ewé kan náà ni wọ́n máa ń ní kí n kà, ojú ewé tí wọ́n ti gbé ọmọ yẹn sínú ilẹ̀. Bí mo bá kà á tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi náà á sì tẹrí ba.

Ní ilé ìtàwé kan, màmá arúgbó kan ló kẹ́yìn ìlà. Kò na ìwé sí mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì rọra béèrè pé:

“Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé ó máa ń fi téèpù wé ọwọ́ báyẹn?”

“Ta ni, Màmá?”

“Ọmọ mi tí mò ń wá.”

Mo ní mo kàn rò ó ni, pé àwọn aránṣọ púpọ̀ á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àárín aránṣọ lòun dàgbà sí, òun ò rí ẹlòmíì rí. Kò bínú. Mo fa àga fún un, àwọn tó dúró sì ń wò mí bí èèyàn rere. Mo bi í léèrè nípa ọmọ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi: pé Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, pé òun ló máa ń bá a ṣa bọ́tìnnì, ìdí nìyẹn tó fi ń pe òun ní Ìyá Oníbọ́tìnnì. Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Èmi ń tò ó pamọ́ sórí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tó sún mọ́ ìlú rẹ̀ tí mo lọ tí kò wá. Iwájú ló máa ń jókòó. Kì í di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ètè rẹ̀ nìkan ló máa ń mì bí mo bá ń ka ojú ewé yẹn. Obìnrin tó ń tẹ ìwé mi ní inú òun dùn pé mo ní irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, màmá náà wá sọ fún mi, bí ẹni tó ń mú ìròyìn ayọ̀ wá, pé ọlọ́pàá kan ti gbà láti ka ìwé náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo wà ní ìlú kan létí òkun. Mo ti fọwọ́ sí ìwé láàárọ̀, mo ṣì máa fọwọ́ sí òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo tilẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì, mo fa bébà jáde, mo sì yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà. Ohun tí mo kọ nìyí: “Ìyá Oníbọ́tìnnì mi, ẹ má wá mi mọ́. Mo wà láàyè. Mo ṣẹ ẹnì kan tó lágbára, ìdí nìyẹn tí mo fi sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò nílé wa, kí n má baà wá yín tì lọ́jọ́ tí mo bá dé. Jẹ́ẹ́jẹ́ yín ni.” Mo kà á, mo sunkún. Mo tún pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ torí kò dùn tó létí. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni mo ṣe fún un. Ara mi ni mo ṣàánú. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú yẹn sí àdírẹ́sì tí màmá náà ti fún mi, màmá náà kò sì wá síbi tí mo bá wà mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi ní ilé ìkàwé kan. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ fún mi pé abẹ́ òkè ni ilé wọn wà, pé ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé kí wọ́n kó jáde, pé gbogbo aládùúgbò ló kó lọ. Òun bẹ ìyá òun títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá ní Jẹ́ẹ́jẹ́ ní kóun má kúrò. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyá ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ dè é. Òkè náà ya lu ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ méjì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti rí ìyá, lórí àga.

Ó wá ṣí ìwé tí mo ti fọwọ́ sí fún ìyá rẹ̀ nígbà kan, tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí, ó sì tẹ́ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí náà.”

Mo wo méjèèjì. Ìrù “g” mi máa ń ká sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Mo yí gbogbo nǹkan padà nínú lẹ́tà yẹn, mo gbàgbé ìyẹn. Ó ní òun ò fẹ̀sùn kàn mí, òun kàn ń béèrè ni.

Ibi tí mo burú dé rèé. Mo gbójú sókè, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́ pé ẹ wo ohun tí ojú àwa tí à ń kọ ìtàn ọ̀daràn ń rí, àwọn òǹkàwé wa ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ́jú sí àwọn ẹ̀ṣọ́, méjì nínú wọn dì í lápá. Kò jà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ká lẹ́tà òun. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì, ó sì bá wọn jáde. Mo béèrè orúkọ ẹni tó kàn lórí ìlà.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Mo ti lọ sí ìlú tí mi ò lè kà tán látìgbà náà, kò sì sí gbọ̀ngàn kan tí mi ò ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó àga iwájú kúrò. Mo sọ fún wọn pé ojú mi ń fẹ́ àyè. Àga iwájú ni mi ò lè wò. Bí mo bá sì dá wà ní òtẹ́ẹ̀lì, lọ́sàn-án gangan, mo máa ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ ní yàrá kejì, gẹrẹ, gẹrẹ, láìdúró. Mo ti kan ilẹ̀kùn yàrá kejì rí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, mo sì júwe ibi tí ààrò yẹn wà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí i. Ọmọbìnrin náà wá bá mi lórí ibùsùn. Mo sọ ohun gbogbo fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò yọ ti ọ̀rọ̀ tí a fà nínú òjò sílẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá gbé lọ,” ló wí. “Ẹ̀yin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.”

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkọ, bí èèyàn bá ń sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún yín, òun ni kí ẹ wò, ẹ má wo ohun tí ẹ lè fi ṣe. Bí ẹ bá sì pàdé ọmọbìnrin yẹn níbikíbi, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn gbà á gbọ́.