Mọ́tò Tó Danú Délẹ̀

Nígbà tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi dúró lórí ìlà ní Àkúrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sí.

“Àǹtí, mọ́tò tí mo fẹ́ rà yẹn, spọ́ọ̀tì káà gidi ni, tòkunbọ̀. Owó mi ká a.”

“Èyí tó danú délẹ̀ bí alángbá yẹn, òun lo fẹ́ gbé gba ọ̀nà oko Bọ́lọ́rundúró?”

“Mo máa rọra wà á.”

“Ilẹ̀kùn méjì péré. Ṣé ojú fèrèsé ni màmá máa gbà wọ ẹ̀yìn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n?”

“Ẹ ò tíì rí bó ṣe ń sáré ni.”

Ìlà sún. Epo ti tán nínú mọ́tò wọn, ni ọkùnrin náà bá sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọrí síta.

“Ìwọ tó o fẹ́ràn eré, sáré tì í, kí wọ́n tó gba iwájú wa.”