Ògiri Hàn, Bàbá Mi Ò Hàn

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, Àǹtí Bàṣírát! Mo ní kẹ́ ẹ má bẹ̀ mí! Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mi ò ní ṣe àfojúdi sí yín láé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí Àṣírù àbúrò yín lẹ ṣe wọkọ̀ láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí wá bá mi nílé, ẹ ti rin ìrìn òfo. Wọ́n ní mo dójú tì í. Wọ́n ní mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ l'Ájà lánàá, mo pè é lólè lójú gbogbo àdúgbò. Hẹn! Mo pè é! Màá tún un pè! Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ bi í pé òrùka ta ló wà lẹ́nu kámẹ́rà ẹ̀!

Kí lẹ wí? Òrùka irin lásán? Irin lásán! Ha! Ọlọ́run ò ní jẹ́ n rí ìjà yín, Àǹtí mi, ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ sún mọ́bí, ẹ wò ó.

Kámẹ́rà yìí, èyí táwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi ń ya ìyàwó àtọmọ wọn nínú ilé ni, fíìmù tó ń rìn, kì í ṣe fótò. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó la ẹ̀ẹ̀sìpírẹ́sì yìí ló fún bàbá mi nígbà tó ń padà sílùú ẹ̀, torí bàbá mi ló mọ fẹ́ǹsì fún un. Kò ní lẹ́ńsì. Ojú ẹ̀ ti yọ. Bàbá mi gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tawẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fa sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní lọ́jọ́ kan ọmọ àwọn kan á rí ojú fún un. Èmi Fèyíkẹ́ ni mo rí ojú fún un! Lẹ́ńsì kámẹ́rà fótò ni mo rí, ẹnu àwọn méjèèjì ò sì bára mu, ẹni tó kọ́kọ́ ní lẹ́ńsì yẹn tún ti fi ayùn rẹ́ díẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀. Ni mo bá lọ bá Ìsìmáílà, ọkùnrin tó ń gé irin lọ́nà Thomas Estate, ó gé òrùka kan tó máa so wọ́n pọ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ló gé e o. Ó gé e, mo ya fíìmù díẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́, ó dé, ojú gbogbo èèyàn ṣe bàìbàì, ó tún òmíràn gé, mo tún fi ránṣẹ́, kó tó di pé ojú èèyàn hàn. Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́!

Torí pé kámẹ́rà yìí, ẹ ò lè yọjú wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ojú èèyàn ti hàn. Tépù káfíńtà lẹ máa fi wọ̀n ọ́n láti ibi kámẹ́rà dé imú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ẹ ó yí lẹ́ńsì sí nọ́ńbà yẹn, ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí òrùka bá fi bí irun orí nípọn jù, tàbí tó fi bí irun orí fẹ́lẹ́ jù, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ò sì ní mọ̀ o! Àfọjọ́ tí fíìmù bá dé.

Àṣírù mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wíwọ̀n yìí. Ta ló kọ́ ọ? Èmi! Nígbà tóun náà ra kámẹ́rà tiẹ̀, ta ló sáré wá bá? Èmi náà ni. "Àǹtí Fèyíkẹ́, ẹ dákun, ẹ yá mi lórùka yín kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n, kó gé irú ẹ̀ fún mi." Mo yọ ọ́ fún un. Kò tilẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Ìsìmáílà, ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin geètì ló mú un lọ, ẹni tó ń fojú wọn nǹkan. Ó wá gbé òrùka dá mi padà, ó ti fi sẹ́lótéèpù dúdú yí i lára. Ó ní kí oòrùn má baà ráyè wọnú ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́! Àǹtí Bàṣírát, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Mo ṣàdúrà fún un, mo ní ẹni tó máa ṣoore fún un ò ní wọ́n ọn, mo bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, ó fọwọ́, ó lọ. Òrùka tuntun tí wẹ́dà gé ló gbé fún mi. Tèmi, èyí tá a ti dán wò, ló mú lọ. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà? Ó rò ó pé bí èyí tuntun bá máa da iṣẹ́ rú, kó yáa da ti Fèyíkẹ́ rú. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dópin.

Ẹ mọ bàbá mi. Bàbá Ògúnbọ̀dé, bíríkìlà, ẹni tó ti Ìkìrè wá tó mọ ilé fún ìdajì àwọn tó ń gbé ládùúgbò yìí. Wọn kì í fẹ́ fóònù. Ẹ gbé fóònù sókè báyìí, wọ́n ti fa fìlà bojú, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn, kó wá wo àwọn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà òyìnbó wọn yìí, tí wọ́n bá ti gbọ́ tó ń dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀ báyìí, ara wọn á yá. Nígbà tí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e wá, àwọn fẹ́ to ìyókù fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé mi. Mo fa tépù dé imú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Fèyíkẹ́, ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?" Mo ní Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ kámẹ́rà, mo yà wọ́n. Wọ́n pọ sìmẹ́ǹtì, wọ́n to búlọ́ọ̀kù, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n kí mi.

Kí fíìmù tó dé, a ti sin wọ́n.

Ó wá dé. Mo ta aṣọ funfun sára ògiri pálọ̀ yìí, ibi tẹ́ ẹ kọjú sí yẹn, mo tan fíìmù sí i. Àǹtí Bàṣírát, ògiri hàn! Fẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn wọn hàn kedere, ẹ lè ka búlọ́ọ̀kù ẹ̀, ẹ lè rí ojú ibi tí tawẹ́ẹ̀lì ti fa sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó ń mọ ọ́n ni ò hàn. Èéfín! Èéfín tó dé fìlà! Èéfín kan yíjú padà, ó gbọ́wọ́ sókè sí mi, mi ò rí ẹ̀rín ẹ̀, mi ò rí eyín ẹ̀. Bàbá tó bí mi! Mo sunkún débi pé àwọn ará ilé wá kan ilẹ̀kùn. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú ju bó ṣe ń dùn mí lọ.

Ìgbà yẹn ni mo bó sẹ́lótéèpù yẹn. Òrùka mi ti já bọ́ rí, ó balẹ̀ lórí kọnkéré, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tẹ̀ wọnú. Èyí tí mo bó, dídán gbinrin! Ẹ wá wo ìdájọ́ Ọlọ́run: àbúrò yín gbé fótò ara ẹ̀ sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i, níbi tó ti ń ya màmá yín nílé yín, kámẹ́rà lójú, òrùka mi lẹ́nu ẹ̀, pẹ̀lú ibi tó tẹ̀ wọnú.

Ẹ̀ẹ́n? Fíìmù màmá ṣì wà lókè òkun? Wọn ò tíì fọ̀ ọ́ tán? Gbogbo ẹbí ń retí ẹ̀? Tó bá dé kí n wá bá yín wò ó kíjà lè parí?

Hà-hà-hà! Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín.

Mo pè é lólè lánàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún un. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Òrùka tó jí yẹn, lẹ́ńsì tèmi tí wọ́n ti rẹ́ nídìí nìkan la gé e fún. Lẹ́ńsì tiẹ̀ ò bá a mu. Á wọlé o, á dè pinpin, ṣùgbọ́n á jìnnà sí fíìmù jù, kò sì ní rí kiní kan àyàfi ohun tó bá wà nítòsí ẹ̀ gan-an. Mo sì wo fótò yẹn dáadáa. Àga màmá wà lẹ́yìn. Ìkòkò òdòdó yín ló wà níwájú kámẹ́rà gan-an.

Ẹ jókòó! Níbo lẹ ń lọ? Màmá yín ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run bá wa dá wọn sí. Ìyàtọ̀ wa nìyẹn. Àṣírù lè tún ìyá ẹ̀ yà, tó bá rẹ́ni bá a yà á. Kóun fúnra ẹ̀ gbé òrùka mi wá. Kó jókòó sórí àga tẹ́ ẹ wà yẹn, kí n tan fíìmù bàbá mi sí i lójú, kó wò ó dópin, kó wá fìka hàn mí ibi tí ẹnu wọn wà. Tó bá rí i, mo dárí jì í. Tí ò bá rí i, kó kúnlẹ̀ níbẹ̀ títí màá fi ní ó tó, kí n tó gbé kámẹ́rà tọ màmá lọ.

Tí kò bá sì wá, kò burú, mi ò bínú mọ́. Tí fíìmù yín bá dé, ẹ pè mí, iwájú pátápátá ni màá jókòó sí. Ẹ bá mi kí ìkòkò òdòdó yẹn o, ẹ ní mo gbọ́ pé ó rẹwà.