Igbe Tí Ẹ Gbà Lẹ́nu Ọdúnayọ̀

Ẹ má na bírò yẹn sí mi o, Dókítà Oghogho! Ẹ dá a padà sínú báàgì yín. Ìwé wo ni mo tún fẹ́ fọwọ́ sí? Èyí tí mo fọwọ́ sí ní 2012 ni ò jẹ́ kí n fojú ba oorun títí dòní, ẹ wá ní apá kejì ìwádìí ti dé. Apá kejì! Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà yẹn. Ẹ wo Ọdúnayọ̀ níbẹ̀ yẹn, lẹ́sẹ̀ máṣíìnì mi. Ẹ wo ọ̀já tí mo fi so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ìbàdí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, bí àgbò iléyá! Ṣé ó wù mí ni?

Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni, ẹ má wolẹ̀.

Ta ni ò mọ ọmọ mi ní Àmùkòkò kí ẹ tó dé? Kò sọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Wọ́n ní ọ́tísìmù ni. Èmi ṣáà mọ̀ pé bí a bá pè é kì í bojú wẹ̀yìn, pé ó lè jókòó ti ìdérí ìkòkò kan láti àárọ̀ dọ̀sán, kó máa yí i, kó máa yí i. Ṣùgbọ́n kí àjèjì fọwọ́ kàn án wò! Háà! Igbe tó máa ké, òkè lókè á gbọ́. Adékànmí baba rẹ̀, tó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù, máa ń ṣàwàdà pé ọmọ òun ò nílò máígádì. Igbe yẹn ni máígádì rẹ̀, Àǹtí. Ohun tí Ọlọ́run fún un nìyẹn nígbà tí kò fún un lọ́rọ̀.

Ẹ wá dé sí iléèwé kékeré yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Liverpool wa níbí, ẹ ní yunifásítì lẹ ti wá, ẹ̀ ń wádìí bí èèyàn ṣe lè kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, “Ọdúnayọ̀, wá.” Bó bá wá, hóró gúgúrú kan. “Jókòó.” Bó bá jókòó, hóró gúgúrú kan. Ẹ sì ń sàmì sínú ìwé. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín: lóṣù kẹta, ọmọ tí kò bèèrè nǹkan kan rí láyé rẹ̀ mú káàdì tí wọ́n ya ife sí, ó nà án sí mi, ó ní, “Omi.” Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo bú sẹ́kún. Wàláì, mo gbàdúrà fún yín dé orí ọmọ ọmọ yín.

Ẹ ò ṣe dúró níbẹ̀! Ẹ ní igbe rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀ ń kà á: àádọ́ta lójúmọ́, ó di ogún, ó di márùn-ún, ó dòfo. Ẹ fi ìlà rẹ̀ hàn mí nínú ìwé, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń wọ kànga, ẹ̀yin sì ń rẹ́rìn-ín! Ẹ tún ní kò dáa kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ bá ń kó àjèjì wá, ojú tuntun lójoojúmọ́, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n máa na gúgúrú. Mo bi yín léèrè nígbà yẹn, àbí mi ò bi yín? Mo ní, “Àǹtí, ṣé gbogbo ayé ni yóò wá máa tẹ̀ lé?” Ẹ fọwọ́ gbá mi léjìká, ẹ ní, “Ìyá Ọdún, ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn.”

Ẹ ti rí i! Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán gangan. Mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ pá, pá. Mo rò pé ẹnì kan ló ń pẹ̀fọn. Yé! Èmi ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, mi ò gbójú sókè! Ìgbà tí mo fi máa já òwú, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo.

Ọkùnrin kan ti gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n la gbogbo Àmùkòkò kọjá, ẹnu ọmọ mi ò là. Mo fi igbe bọnu, àwọn aládùúgbò ní, “Ìyá Ọdún, fara balẹ̀ o, tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e ni, ṣé a ò ní gbọ́ ni?” Ẹ gbọ́ yẹn? Wọ́n ń tẹ́tí sí igbe tí ẹ ti gbà lẹ́nu rẹ̀!

Ebiere, oníbàárà mi tó ń ta ẹja létí omi lẹ́yìn Liverpool, ló rí i nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Snake Island. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbọ́wọ́ méjèèjì lé itan bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Ebiere ní, “Oga, who get this pikin?” Ọkùnrin yẹn ní, “Na my pikin. Look am.” Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, “Ọdúnayọ̀, wá.” Ọmọ mi dìde, ó lọ bá a! Àwọn èrò ọkọ̀ ní, ẹ ò rí i, baba rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká máa lọ! Àfi Ebiere tó di okùn ọkọ̀ mú, tó ní kí wọ́n gé ọwọ́ òun kí ọkọ̀ tó gbéra. Ni olóríburúkú yẹn bá fò sílẹ̀, ó wọ àárín àwọn tírélà, wọn ò rí i mọ́ títí dòní.

Ó mọ orúkọ rẹ̀, Àǹtí. Lẹ́ẹ̀mejì ló pàtẹ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ta ló kọ́ ọ?

Mo wá yín dé yunifásítì, mo ní kí ẹ fún mi lórúkọ àwọn tí ẹ kó wá. Ẹ rán akọ̀wé sí mi pé àṣírí ni, pé òfin ìwádìí ò gbà á. Àṣírí! Ọmọ mi ò láṣírí, àwọn ló láṣírí! Ọlọ́pàá náà ní kí n mú orúkọ wá kí àwọn tó wá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ ń sunkún? Ẹ nujú, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Lánàá, bí mo ṣe kírun ọ̀sán tán, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ògiri yẹn. Pá, pá. Bóyá ọmọdé ló ń ṣeré. Bóyá. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo kàn rí i pé ọ̀já yìí fún mọ́ mi ní ìbàdí ni, ọmọ mi ti dìde, ó ń fi gbogbo agbára wọ́ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ò sì ní jáde níbí bẹ́ẹ̀ o! Ẹ kọ orúkọ àwọn àjèjì tí ẹ kó wá yẹn sẹ́yìn ìwé yẹn, ẹni mọ́kànlá ni wọ́n, mo kà wọ́n. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní “Rárá.” Ẹ máa pè é, bó bá kọ̀, ẹ yìn ín. Bó bá figbe ta, ẹ fún un ní ẹ̀kúnwọ́. Ẹ ò báà lo ọdún mẹ́ta, ẹ dá igbe ọmọ mi padà.

Èmi gan-an ni kó kọ́kọ́ kọ̀ fún. Ẹ wò ó, mo tú ọ̀já náà, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdúnayọ̀, wá. Ó ti ń dìde, Dókítà! Ẹ sọ fún un kó má wá! Ẹ sọ fún un!