Orúkọ Fáìzàh Nínú Fíìmù Àwọn Ayọ̀

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbé e.]

AYỌ̀: Hẹ́lò! Ìyá Bùkúnmi! Màmá mi!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ayọ̀kúnnúmi. O kú ọjọ́ mẹ́ta.

AYỌ̀: Ẹ káàsán, mà. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bùkúnmi ńkọ́? Hostel wa ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀?

ÌYÁ BÙKÚNMI: A dúpẹ́. Bùkúnmi wà nílé ọkọ ẹ̀. Ayọ̀, jọ̀ọ́—

AYỌ̀: Èmi gan-an ló yẹ kí n pè yín! Ẹ ti gbọ́, àbí? Wọ́n ti mú fíìmù wa! Lineup ti jáde!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Kí ló jáde?

AYỌ̀: Lineup, mà. Ètò gbogbo fíìmù tí wọ́n máa fi hàn. Festival fíìmù ẹ̀rù àti àràmàǹdà, ní Èkó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Thursday, ti Ghana ni wọ́n máa fi ṣí i. Òjìji ọkùnrin kan ló lọ fẹ́yàwó láì sọ fún un—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ayọ̀.

AYỌ̀: Friday, ti Brazil. Àwọn òkú ló ń ṣiṣẹ́ ní factory.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Òkú ń ṣiṣẹ́?

AYỌ̀: Night shift, mà. Supervisor ò mọ̀.

ÌYÁ BÙKÚNMI: [ó rẹ́rìn-ín díẹ̀] Ó jọ factory ọ̀rá tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Sango nígbà kan.

AYỌ̀: Saturday, àwa! Àwa la máa kádìí ẹ̀ nílẹ̀! Nínú fíìmù mọ́kànlélógún, ojú yín, Màmá, ojú yín ni wọ́n—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ pè. Ṣé o lè yọ ọ́ kúrò?

AYỌ̀: Yọ kí ni?

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ojú mi. Kí o fi ti ẹlòmíì síbẹ̀.

AYỌ̀: [ẹ̀rín] Màmá! Ṣé ẹ ń tijú ni? Ó ti tó ọdún méjì tá a ti parí ẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mà, mi ò gbọ́ yín dáadáa.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Balùwẹ̀ ni mo wà.

[Omi ń dà.]

AYỌ̀: Ẹ ń wẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n tún pè—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Má gé e! Mi ò wẹ̀. Mò ń da omi sílẹ̀ kí wọ́n lè rò pé mò ń wẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

AYỌ̀: Ìlà ń já, mà. Àwọn wo ló máa rò bẹ́ẹ̀?

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ará ilé. Ayọ̀... Fáìzàh kú.

AYỌ̀: Ta ni Fáìzàh?

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ọmọ yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣe é. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí.

AYỌ̀: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí Ọlọ́run—

ÌYÁ BÙKÚNMI: O ò mọ orúkọ yẹn?

AYỌ̀: Rárá, mà.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Rò ó dáadáa.

AYỌ̀: Fáìzàh. Fáì— Jésù.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ẹ̀n-ẹ́n.

AYỌ̀: "Èmi ni mo jẹ Fáìz—"

ÌYÁ BÙKÚNMI: Má sọ ọ́! Má sọ ọ́ jáde!

AYỌ̀: Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ yẹn nínú script! "Ọmọ aládùúgbò" ni mo kọ síbẹ̀!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ṣé mo mọ̀wé débi tí mo fi máa ka script ni? Ìwọ lo ní kí n gbé ìwé sílẹ̀, kí n sọ ọ́ bó bá ṣe wá sẹ́nu mi. "Ẹ sọ ọ́ bíi pé òótọ́ ni, Màmá." Ọmọ yẹn sùn lórí ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó wọkọ̀ wá bá yín ní Ìjòkó. Orúkọ ẹ̀ ló wà nítòsí. Òun ló bọ́.

AYỌ̀: Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Festival ò tíì bẹ̀rẹ̀.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ó wà lórí WhatsApp àdúgbò. Gbogbo ará Joju níbí ti rí i. Èmi, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mi, mò ń sunkún, mò ń jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni mí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí.

AYỌ̀: [jẹ́jẹ́] Lineup ni.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

AYỌ̀: Wọ́n gé díẹ̀ lára fíìmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi kéde lineup. Wọ́n ní kí n mú ibi tó dáa jù wá. Èmi ni mo mú u, mà. Ibi yẹn ló dáa jù. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ti gé orúkọ festival kúrò lára ẹ̀.

[Omi ń dà.]

AYỌ̀: Ẹ sọ fún wọn pé fíìmù ni!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Mo ti sọ. Wọ́n ní fíìmù wo? Ta ló mọ̀ pé mo ṣe fíìmù rí? Usher ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi pa mọ́. Ìsìnkú ni mo ní mo lọ ṣe ní Ìjòkó. Pásítọ̀ Ephraim ní kí n ṣì jókòó sílé ná. Ó ní bí mo bá lè jẹ́wọ́ fún kámẹ́rà, kí ló dé tí mi ò lè jẹ́wọ́ fóun.

AYỌ̀: Fọ́tò wà! Mo ní fọ́tò ọjọ́ yẹn. Ẹ ń jẹ búrẹ́dì, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kí n fi ránṣẹ́ sí—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi níbẹ̀?

AYỌ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tòmátò ni, mà!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ta ló máa tọ́ ọ wò?

[Ó tún da omi sílẹ̀.]

AYỌ̀: Ká ní ibi tí mo ti pariwo "cut" ṣì wà ni, wọn ì bá gbọ́ ohùn mi. Orí kọ̀ǹpútà ilé ìwé ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn tá a jáde.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Hùn.

AYỌ̀: Mo máa ní kí wọ́n yọ wá kúrò nínú lineup. Lónìí! Mo máa pè wọ́n báyìí—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Bí o bá yọ ọ́, wọ́n á ní mò ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Bí o bá fi í sílẹ̀, gbogbo Èkó á rí i ní Saturday. Wá. Ìwọ gan-an ni kí o wá, kí wọ́n fojú rí ẹ.

AYỌ̀: Jos ni mo wà, mà. Mò ń sìnrú ìlú. Bí mo bá rí mọ́tò lọ́la, ó di ọ̀túnla kí n tó dé.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ọ̀túnla.

AYỌ̀: Ẹ dárí jì mí, mà. Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ BÙKÚNMI: Mo gbọ́. Ayọ̀, ìwọ kàwé. Ọmọ yẹn ò ṣàìsàn gidi rí kí n tó dárúkọ ẹ̀.

AYỌ̀: Màmá, ẹ jọ̀ọ́.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ẹnu mi ni. Wọn ò fi ẹnu ẹlòmíì sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bíi pé òótọ́ ni, bó o ṣe fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́, ṣé òun mọ̀ pé fíìmù ni?

AYỌ̀: Ibà ni! Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibà ni!

ÌYÁ BÙKÚNMI: Mo mọ ohun tí mo sọ fún ẹ.

[Wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn páànù.]

OHÙN OBÌNRIN: [láti ìta] Ìyá Bùkúnmi. Omi yẹn ti tán tipẹ́.

ÌYÁ BÙKÚNMI: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ìyá Fáìzàh ni.

AYỌ̀: Àwọn mélòó ni wọ́n?

ÌYÁ BÙKÚNMI: Òun nìkan. Mò ń wò ó látinú ihò. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

ÌYÁ FÁÌZÀH: Mi ò wá jà. Wọ́n ní kí n má wá, mo wá. Ẹ̀yin lẹ ní eré ni.

ÌYÁ BÙKÚNMI: Eré ni, Ìyá Fáìzàh! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, eré ni!

ÌYÁ FÁÌZÀH: Ẹni tó ṣeré á lè tún un ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Níbí yìí, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ níbẹ̀, tòun ti ẹkún. Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i pé eré ni. Mi ò bẹ̀ yín fún nǹkan míì.

AYỌ̀: Kí ló ń sọ? Màmá, kí ló—

ÌYÁ BÙKÚNMI: Ó ní kí n tún un sọ. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, á ní òótọ́ ni. Bí mi ò bá lè sọ ọ́ dáadáa, á ní ti ọjọ́sí kì í ṣe eré nìyẹn.

AYỌ̀: Màmá, mi ò... ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n rò ó—

ÌYÁ FÁÌZÀH: Mò ń retí yín.

[Ìkọ́ ìlẹ̀kùn páànù ń dún.]

ÌYÁ BÙKÚNMI: Director, ìwọ lo kọ́ mi. Kí n sọ ọ́ àbí kí n má sọ ọ́? Ayọ̀? Ṣé o gbọ́—

[Ìlà já.]