Ojú Jemima Lára Ṣokoléètì

Adéjàre, má tíì dìde! Ọmọ Ìnísà, jókòó. Àjọ òyìnbó yín tó ń yẹ oko kòkó wò ní kí wọ́n má ra kòkó mi mọ́, àbí? Wọ́n ní ọmọdé ló ṣe é, wọ́n ní ó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó mi wà lára bébà ṣokoléètì wọn títí di àárọ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín, òyìnbó ń rà á, wọ́n ń ya bébà náà, wọ́n ń sọ ọ́ nù. Jemima tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin! Ẹ kọ kòkó rẹ̀, ẹ ń fi ojú rẹ̀ polówó ọjà. Irú ìwà wo nìyẹn?

Má pè mí ní sà. Bàbá Ẹ̀bùn lò ń pè mí kí o tó wọ ẹ̀wù àjọ.

Ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. A ti sin Jemima, kòkó ti pọ́n lórí igi, ọwọ́ mi ò sì lè gbé àdá. Ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún ọ pé a kì í jẹ́ kí irè oko ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jẹrà sórí igi? Ìjọ wá tọmọdé tàgbà. Ọkùnrin ń ká a, obìnrin ń fọ́ ọ, àwọn ọmọ tí Jemima ń kọ́ ní Bíbélì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ń kó hóró sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lá omi dídùn ara rẹ̀, wọ́n ń kọ orin tó kọ́ wọn. Ta ló fi pàṣán lé wọn wá? Ta ló háyà wọn?

Lo bá yọ fóònù. Mo rò pé fún ìbánikẹ́dùn ni! Mo ní àjọ yín tó gbé fọ́tò Jemima lọ fún ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì lókè òkun fẹ́ rí bí èèyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó ni. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ojú tí ẹkún ti wú, èmi ni mo to àwọn ọmọ náà fún ọ. Àwọn kékeré níwájú. Mo ní kí ọmọ Fìyìnfólúwa gbé apẹ̀rẹ̀ sókè kó hàn dáadáa. Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá yín." Áà, orí mi ò! Ẹ̀rí ni mo ń tò sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dá mi lẹ́bi!

Ìlànà? Ìlànà ta ni? Ta ló fi àjọ yín joyè? Kánsẹ́lọ̀, a dìbò fún un, bí a tilẹ̀ ń kábàámọ̀. Ọba, a mọ ìdílé tó ti wá. Pásítọ̀, ìjọ ló pè é, ìjọ sì lè ní kó máa lọ. Àwọn tiyín ńkọ́? Wọn ò ní igi kòkó kan. Wọn ò rà, wọn ò tà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì á máa gbọ̀n, Mákánjúọlá tó ń ra kòkó ní Ìkìrun á sì tilẹ̀kùn mọ́ mi. Mákánjúọlá tó ń jẹyán nílé mi! "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ má bínú, bí mo bá da tiyín mọ́ tàwọn yòókù, wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀." Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Kábíyèsí wo ló lágbára tó báyìí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kó ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ lóko. Mo mọ̀ wọ́n, ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Ẹ lọ bá wọn! Ṣùgbọ́n oko tiwọn jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ ò dáa, alùpùpù àjọ ò gbọdọ̀ dọ̀tí. Oko mi ló wà lẹ́bàá títì Òkukù.

O mí kanlẹ̀. Mí dáadáa. Nígbà tí bàbá rẹ, Tíṣà Oyèdélé, wà nílé ìwòsàn, ta ló fọ́ kòkó rẹ̀? Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni? Kòkó lo lá títí inú fi run ọ́, Jemima ló gbé ọ pọ̀n délé. Kí ló dé tí o ò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí wọn? Wọn ò béèrè? Bẹ́ẹ̀ ni! Wọ́n béèrè bóyá ọmọdé wà lóko. Wọn ò béèrè ta ló kú.

Ó dáa. Mi ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra kòkó. Ó wà nínú àpò, kí eku jẹ ẹ́. Ojú ìyàwó mi ni mo fẹ́ gbà. Kí wọ́n yọ ọ́. Oko rẹ̀ ò lè burú kí ẹ̀rín rẹ̀ tún dára lójú ọjà.

Pe ọ̀gá rẹ. Nísinsìnyí. Kí lo wí? Kò gbọ́ Yorùbá? Jemima náà ò gbọ́ èdè wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Ó sì rẹ́rìn-ín. Pè é.